Ọkùnrin Tí Ìyé Pè Ní Àbúrò

Ní ọjọ́ tí a sin ìyá bàbá mi, ẹni tó wàásù sọ pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó sí ìlà kejì, mo di etí aṣọ mi mú, mo ń sọ lọ́kàn mi pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ òkú yìí. Ìyé jà. Àwọn tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ló bá jà, ó bá wọn jà títí ó fi kú, kò sì bá wọn parí rẹ̀. Bí a bá gba ìjà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tí a ó fi rántí rẹ̀? Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Lìdíà ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ rí ní Àyèká. Ìyé ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bí a ṣe ń pe ìyá lẹ́nu tiwa. Ó kéré lára, ó gbẹ, ojú rẹ̀ a sì máa pọ́n nígbà gbogbo nítorí èéfín. Púpurú ló ń ṣe tà. Ẹni tí kò bá ṣe é rí kò lè mọ bí ó ti le tó. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó wá tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín yan án gbẹ. Bí obìnrin kan bá fi ìkánjú gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí inú rẹ̀ tó gbẹ, Ìyé á fọ́ ọ sí méjì lójú ọjà, á na inú rẹ̀ tó tutù sí onítọ̀hún, kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan. Èyí burú ju èébú lọ.

Nígbà kan, ìyàwó olùkọ́ kan tó wá láti ìhà Ìbàdàn sọ lọ́jà pé òun kò lè jẹ oúnjẹ tó ń rùn bí àjà ilé ìdáná. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ń retí pé Ìyé á fi èébú ya á pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ lọ sílé, ó ro púpurú fún un, ó se ọbẹ̀ ẹja tútù, ó jókòó tì í títí obìnrin náà fi jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún un pé: "Ohun tí o kò tọ́ wò, má ṣe ròyìn rẹ̀."

Ṣùgbọ́n bí ìjà bá tọ́, kì í sá fún un. Ewúrẹ́ bàbá katikíìsì wa jẹ ẹ̀gẹ́ tí Ìyé rẹ sílẹ̀. Ó lọ fi ẹjọ́ sùn, bàbá náà ní ẹran kò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ náà ní ẹni tó ni í. Ó tún ṣẹlẹ̀, bàbá náà tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di Àìkú, Ìyé so ewúrẹ́ náà mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wọlé lọ jókòó síbi tó máa ń jókòó. Ẹran ń ké, orin ń lọ, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín pa. Nígbà tí katikíìsì wá bi í pé kí ni èyí jẹ́, ó fèsì láìgbé ohùn sókè: "Ẹran yín jalè. Mo mú un wá sílé Ọlọ́run kó wá ronú pìwà dà."

Mo ń sọ èyí kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ irú ènìyàn tó jẹ́ kí n tó dé ibi tó ń dùn mí.

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Orímisàn ni orúkọ rẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọ náà ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ìyé tí kò tíì lọ sílé ọkọ ló pọ̀n ọ́n dàgbà, ọmọ náà sì ń pè é ní Ìyé bí àwọn yòókù. Nígbà tí bàbá wọn kú, ó fi oko ọ̀pẹ kan sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ létí títì Àyèká tó sì wọ igbó lọ. Orímisàn ló ni í. Ṣùgbọ́n Jóṣúà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tó jẹ́ bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òun ló dàgbà jù nínú ẹbí, òun ló yẹ kó máa bójú tó o. Wọ́n jà sí i. Orímisàn, tí sùúrù rẹ̀ kò tó nǹkan, bínú kúrò nílé, ó lọ sí Sápẹ̀lẹ́ lọ la gẹdú. Fún ìgbà díẹ̀, a ń gbúròó rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Nígbà tó yá, a kò gbúròó mọ́.

Jóṣúà wá kéde pé ó ti bómi lọ. Ta ló rí i? Ẹnì kan tó sọ fún ẹnì kan. Wọ́n ṣe ìsìn ìrántí, wọ́n kọrin, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Jóṣúà ti ń kọ ọ̀pẹ nínú oko náà. Kò dá a jẹ o. Ó gé díẹ̀ fún eléyìí, ó gé díẹ̀ fún tọ̀hún, ó fi epo oko yẹn ra ètè gbogbo ẹbí. Ó fún bàbá mi náà, Tímótì, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyé bí, ní ibi tó kọjú sí títì, bàbá mi tó jẹ́ olùkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ níbẹ̀. Ìyé nìkan ni kò lọ sí ìsìn, kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kò sì gba ìpín kankan. Nígbà tí wọ́n rán ènìyàn sí i pé kó má ba ẹbí jẹ́, ó ní: "Ẹni tí ẹ kò rí òkú rẹ̀, ẹ má jẹ ogún rẹ̀."

Ogun wá dé. Ìró ìbọn ń dún lápá Orè, àwọn tó ń sá bọ̀ láti ìhà Bìní ń gba inú igbó. Ní àkókò yẹn, bí ahọ́n ènìyàn bá yàtọ̀ díẹ̀, wọ́n á ní amí ni. Àwọn tó wà ní àkóso gba ilé kan tí wọ́n ti ń kó ẹkùrọ́ sí tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn Òkìtìpupa, wọ́n sọ ọ́ di àtìmọ́lé. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọkùnrin náà sí.

Inú oko ẹ̀gẹ́ kan nítòsí Igbótako ni wọ́n ti rí i. Àpá okùn wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, irun bo ojú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi Yorùbá bi í, wọ́n fi òyìnbó bi í, wọ́n wá ẹni tó gbọ́ èdè Ìjọ́ àwọn ará odò àti ẹni tó gbọ́ Ìbò, kò dá ẹnì kankan lóhùn. Láàárọ̀, wọ́n máa ń kó àwọn ará àtìmọ́lé jáde láti gé koríko ẹ̀bá títì, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìlú ti ń wò ó. Àwọn ènìyàn a máa gbé ọmọ wọn lọ síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń lọ wo egúngún. Àwọn kan ní ọ̀gá ọmọ ogun Biafra ni. Àwọn kan ní olóṣèlú ni, lára àwọn tó sun ilé ọmọnìkejì nígbà rògbòdìyàn ìdìbò, tó wá sá wọ igbó. Àwọn mìíràn tún ní ọmọ ọba ìlú odò kan ni, pé èèwọ̀ ni kó sọ̀rọ̀ níwájú mẹ̀kúnnù. Gbogbo ènìyàn ló ní ìtàn tirẹ̀ nípa ọkùnrin yẹn. Kò sí ẹni tó bu omi fún un.

Mo ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ìsinmi ló gbé mi wálé. Èmi àti Ìyé jọ gbé púpurú lọ sọ́jà Òkìtìpupa, a sì gba ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń gé koríko. Ìyé dúró. Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wo ọkùnrin náà láti ẹ̀yìn, bó ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ju àdá.

Ó pè é: "Orímisàn."

Ọkùnrin náà nà ró. Ó yíjú, ó wò ó, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyé kọjá sọ́dọ̀ sájẹ́ńtì tó ń ṣọ́ wọn, ó ní àbúrò òun ni wọ́n mú yìí. Sájẹ́ńtì náà, tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, bi í pé kí ló fi mọ̀. Ó ní àpá àdá kan wà ní ojúgun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, pé lójú òun ló ṣe é lóko. Wọ́n wò ó, àpá náà wà. Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín, ó ká ṣòkòtò tirẹ̀ sókè, ó fi àpá tirẹ̀ hàn wá. Òótọ́ ló sọ: ọmọ àgbẹ̀ wo ni kò ní àpá lẹ́sẹ̀?

Síbẹ̀, kò lé wa. Ó ní kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn ọkùnrin náà ju pé wọn kò mọ̀ ọ́n lọ. Bí àwọn ọkùnrin ẹbí bá lè wá jẹ́rìí pé àwọn mọ̀ ọ́n, wọ́n á fà á lé wa lọ́wọ́. Ìyé gbé ẹrù rẹ̀ padà sórí, ó sì bi í pé: "Ó wá di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn má rí ẹni tó mọ̀ ọ́n?"

Láti ọjọ́ náà, ó ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n, àwọn ará àtìmọ́lé mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ń pè é ní Ìyé. Ọkùnrin náà a jẹun, a da ojú délẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Ìyé ní kí a fi í sílẹ̀ ná, pé ọ̀rọ̀ sísọ ló ṣì ń bà á lẹ́rù.

Ọjọ́ ìjẹ́rìí pé. Wọ́n ní kí àwa obìnrin dúró sẹ́yìn ọgbà, ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin ni a ń wò. Jóṣúà wọ agbádá funfun, ó fi Bíbélì há abíyá. Ó yí ọkùnrin náà po bí ẹni tó ń ná ewúrẹ́. Ó ní Orímisàn ti kú, pé òun gan-an lòun ṣe ìsìn ìrántí rẹ̀, pé ọjọ́ ogbó ló ń da Ìyé láàmú. Ó fi Bíbélì náà búra. Àwọn mọ̀lẹ́bí méjì tó wá láti Ìyánsàn, tí àwọn náà ní ìpín nínú oko ọ̀pẹ, sọ ohun tó sọ. Ó wá ku bàbá mi. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Orímisàn ni alábàárìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún lè mọ̀ ọ́n jù ú lọ lẹ́yìn Ìyé.

Bàbá mi ní ó ti pẹ́, òun kò lè sọ pé òun ni, òun kò sì lè sọ pé òun kọ́. Sájẹ́ńtì ní òun kò fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní ẹsẹ̀ méjì. Ṣé ó mọ̀ ọ́n àbí kò mọ̀ ọ́n?

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni bàbá mi wí.

Mo ti retí pé Ìyé á pariwo. Kò pariwo. Ó di igi ọgbà mú, ó sì sọ ọ́ kí ọmọ rẹ̀ lè gbọ́: "Tímótì, ó gbé ọ léjìká lọ sódò."

Ìyá mi ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, kí n má baà kórìíra bàbá mi. Ó ní ẹ̀rù ló bà á, pé ní àkókò yẹn, ẹni tó bá jẹ́rìí sí àjèjì ni wọ́n ń mú tẹ̀ lé e. Mo mọ̀. Wọ́n ti mú olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé tó wà létí títì náà kì í ṣe irọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ọkùnrin náà lọ. Ìyé ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan fún un, ó gbé oúnjẹ dé, ó bá lọ́rì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń dún. Wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ìyé gba àárín àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ sídìí ọkọ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan tì í, ó ṣubú, ó dìde, ó tún lọ. Sájẹ́ńtì ń bẹ̀ ẹ́, ó ní àṣẹ ti wá láti òkè, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ òun. Bó ṣe tún fẹ́ di ara ọkọ̀ mú ni ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ láti orí ọkọ̀, ó la ẹnu rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ó ní:

"Ìyé, ó tó."

Lọ́rì náà gba ọ̀nà Orè lọ. A kò rí i mọ́.

Jóṣúà ní ọ̀rọ̀ yẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ó ní ṣé gbogbo ará àtìmọ́lé kọ́ ló ń pè é ní Ìyé, ibẹ̀ ni àjèjì náà ti kọ́ ọ. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé ohun tó sọ yẹn lè jẹ́ òótọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́, kò sì sọ ọ́ nítorí pé ó jẹ́ òótọ́.

Nígbà tí ogun parí, Ìyé dé gbogbo ọ́fíìsì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bi í pé kí ni orúkọ ẹni tó ń wá. Á ní Orímisàn. Wọ́n á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Báwo ni ó ṣe máa wà? Nígbà tó fún wọn ní orúkọ náà, ṣé wọ́n gbà á? Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé náà, ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì gbó, ní kó lọ sinmi, pé ó ti dàgbà. Ìyé sọ fún un pé: "Àgbà ni mí, n kò tíì kú. Ẹni tó bá kú lẹ ń sọ fún pé kó sinmi."

Ó wá gbé ìjà náà délé. Bí Jóṣúà bá dìde láti ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyé á dìde, á jáde, á dúró lábẹ́ òrùn títí á fi kà á tán, á wá padà wọlé. Ó ṣe é ní gbogbo Àìkú. Àlùfáà bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Nígbà tí ọ̀pẹ bá pọ́n, á mú akọpẹ lọ sínú oko Orímisàn ní ojúmọmọ, á kọ èyí tó bá wù ú, á sì gbé e gba ojúde Jóṣúà kọjá. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé kí Jóṣúà pe òun lẹ́jọ́, kí òun lè rí ibi tí òun á ti sọ ohun tí òun mọ̀. Jóṣúà kò pè é lẹ́jọ́. Ìgbà kan ṣoṣo ló bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ó ní kó jẹ́ kí àwọn gbàgbé ohun tó ti kọjá. Ìyé ní: "Ìwọ gbàgbé. Ìwọ lo ní ohun tí ó yẹ kí o gbàgbé."

Pẹ̀lú bàbá mi, ìjà náà kò ní ariwo. Ó ń jẹ́ kó kí òun, ó ń jẹ oúnjẹ tí ìyá mi bá gbé wá. Ṣùgbọ́n kò wọ ilé etí títì náà rí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, gbogbo Àyèká ló wá. Ìyé wà nílé rẹ̀, ó ń koná mọ́ púpurú. Ní ọdún tí òjò ya òrùlé rẹ̀, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyé gbé agbada sábẹ́ ibi tó ń jò, ó ní: "Ilé yẹn ní onílé."

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti di olùkọ́ nígbà náà, mo rò pé mo ti dàgbà tó láti béèrè. Mo ní kó dákun, kó sọ fún èmi nìkan, ṣé lóòótọ́ ni pé Orímisàn ni, àbí àánú ló ṣe é? Ó wò mí bó ṣe máa ń wo púpurú tí inú rẹ̀ kò gbẹ. Ó yíjú sí ògiri. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú inú rẹ̀ kò dín kù: "Àwọn tó béèrè ìyẹn ni wọ́n gbé e lọ."

Ó kú. Jóṣúà ló gbàdúrà níbi ibojì. N kò ṣe àmín.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin kan wá láti ìhà odò. Ìjọ́ ni, ó ń fi ohùn Ìjọ́ sọ Yorùbá. Ó ní ọkọ òun ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù, pé láti ìgbà ogun ni òun kò ti rí i. Ó gbọ́ lọ́jà pé ìyá àgbà kan ní Àyèká bọ́ ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní àtìmọ́lé, ó sì fẹ́ bi í léèrè bí ọkùnrin náà ti rí. Mo sọ fún un pé Ìyé ti kú. Ilé bàbá mi létí títì ló bá mi, nítorí náà ibẹ̀ la ti fún un ní àga, ìyá mi sì bu omi fún un.

Mo sọ gbogbo ohun tí mo rántí. Ọkùnrin náà ga níwọ̀nba. Kò sọ̀rọ̀. Àpá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà ní ọkọ òun fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyà lè pa ẹnu ènìyàn dé. Ó ní apá ni ọkọ òun ti ní àpá, ti ẹsẹ̀ kò dá òun lójú. N kò rántí apá. Obìnrin náà kò sunkún. Ó ní àwọn obìnrin tó ń wá ọkọ wọn pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ àwọn, òun ló lẹ́sẹ̀ láti rìn nínú wọn.

Ó wá bi wá pé bí ìyá àgbà bá ti ní àbúrò òun ni, kí ló dé tí wọ́n tún fi gbé e lọ?

Bàbá mi ni mo ń wò. Ó lè dìde wọlé, ó lè ní ogun ló fà á. Ó jókòó. Ó ní wọ́n ní kí ẹbí wá sọ bóyá àwọn mọ̀ ọ́n, àwọn sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, pé òun lòun sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Obìnrin náà bi í jẹ́jẹ́: "Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ kò mọ̀ ọ́n?"

Bàbá mi ṣí fìlà kúrò lórí.

"N kò wo ojú rẹ̀," ó ní. "Mo dúró níwájú rẹ̀, n kò sì wo ojú rẹ̀."

Obìnrin náà dìde. Kò fọwọ́ kan omi tí a bù fún un. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo lè fi ibi tí a sin ìyá náà sí han òun. Mo ní mo lè ṣe é. A jọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, a gba ọ̀nà ilé Ìyé lọ, níbi tí ibojì rẹ̀ wà, a kò sì bojú wẹ̀yìn wo bàbá mi níbi tó jókòó sí.